Fèrèsé Méjìlá Tí Mo Fọwọ́ Sí

Òtútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́, kì í ṣe ti òjò. Òtútù àtọwọ́dá ni, tí ń ti inú ẹ̀rọ kan lára ògiri jáde, tó sì ń wọ èèyàn dé egungun. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí oòrùn ti máa ń yan àpáta títí aláǹgbá pàápàá á fi máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, èmi nìkan ni mo máa ń gbé súwẹ́tà dání lọ síbi iṣẹ́ nínú oṣù kẹta ọdún. Àwọn ará àdúgbò wa ní Kémta gbà pé ara mi ò le. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa tilẹ̀ se àgbo ibà fún mi, mo sì gbé e mu tán láìjanpata, nítorí kí n tó ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà ló nílò òtútù, pé èmi kàn ń bá a gbé ni, àgbo á ti tutù.

"Ìyàwó Ẹ̀rọ" ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, àfi gíláàsì kékeré kan lára ilẹ̀kùn tí kò fẹ̀ ju síléètì ọmọ iléèwé lọ. Mo ń gba ibẹ̀ wo ayé bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn orúkọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà yẹn, mo sì gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, àyàfi àwọn tí mi ò tíì pàdé.

Àárín àwọn ọdún 1980 là ń wí yìí. Ilé-iṣẹ́ wa wà ní Òkè-Ìléwó, irúgbìn àti ajílẹ̀ òyìnbó la sì ń pín fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀: ibi tí oko rẹ̀ wà, bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tó ń gbìn, àti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá dé, wọ́n á wá fáìlì rẹ̀ jáde, wọ́n á wo ohun tó tọ́ sí i, wọ́n á kọ ìwé àṣẹ fún un, òun náà á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó ẹrù rẹ̀. Àgbà ọkùnrin mẹ́fà ló ń tọ́jú àwọn fáìlì náà nínú yàrá gígùn kan tí ń rùn káńfọ̀. Olórí wọn, Bàbá Fáìlì là ń pè é. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ẹ bá dárúkọ abúlé fún un, á sọ ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, á sọ ẹni tí ń purọ́ pé òun ń gbin àgbàdo. Òun náà ló tún ni ilé tí mo ń gbé ní Kémta. Nígbà tí mo ń wá yàrá, tí gbogbo onílé ń wò mí tìfura-tìfura pé ọmọbìnrin wo ló fẹ́ dá gbé, òun ló ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ọmọ olùkọ́ ìjọ ni, kò ní í jí Kùránì mi."

Ọ̀gá àgbà wa, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ohun tuntun bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súùtì, ló ra kọ̀ǹpútà náà. Òun ló rán mi lọ sí Èkó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, mo sì tọwọ́ bọ̀wé pé bí mo bá dé, ọdún márùn-ún ni mo máa fi sìn wọ́n, n kò ní í lọ síbì kan. Mo fọwọ́ sí i kíá. Lójú mi, ọdún márùn-ún ò ju ọ̀la lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ipele mẹ́ta ni. Iwájú ni fèrèsé wà, níbi tí akọ̀wé jókòó sí pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ bíi ti tẹlifíṣàn àti ohun ìtẹ̀wé lábẹ́ rẹ̀. Àárín ni ẹ̀rọ tó ń ronú wà. Òun ló ń gba ohun tí akọ̀wé tẹ̀, tó sì ń pinnu iye àpò ajílẹ̀ tó tọ́ sí ẹni náà. Ẹ̀yìn pátápátá ni èyí tí mo sọ ní àká wà, àpótí ńlá kan tí àwọn àwo pẹlẹbẹ ń yí nínú rẹ̀, ara àwo wọ̀nyẹn ni orúkọ gbogbo àgbẹ̀ wà. Akọ̀wé á béèrè, ẹ̀rọ àárín á ránṣẹ́ sí àká, àká á wá a rí, ìdáhùn á padà síwájú. Bí iná pupa iwájú àká bá ti ṣẹ́jú, ẹ mọ̀ pé ó ń wá nǹkan.

Ọ̀gá àgbà bi mí léèrè pé fèrèsé mélòó ni ẹ̀rọ yìí lè gbé. Ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rán mi lọ sí Èkó: kí a mọ agbára ẹ̀rọ kí a tó gbé ẹrù rù ú. Mo jókòó ti akọ̀wé kan, mo mú aago dání. Ó tẹ orúkọ àgbẹ̀ kan; kí n tó ka ẹẹ́ta, ìdáhùn ti yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ káwọ́ gbera, ó ń retí. Inú mi dùn. Mo ní bí ẹyọ kan bá gba ìwọ̀nba yìí, méjìlá á gba ìlọ́po méjìlá rẹ̀, àyè á sì tún ṣẹ́ kù. Mo fi rúlà fa ìlà, mo fi báírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: FÈRÈSÉ MÉJÌLÁ. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, mo sì tún fa ìrù kan sí orúkọ mi kó lè rẹwà.

N kò mọ̀ pé ọ̀gá àgbà á ṣe ìṣirò tirẹ̀ lé orí tèmi. Ó ní bí fèrèsé méjìlá bá lè ṣiṣẹ́, kí la tún ń fi àgbà mẹ́fà nínú yàrá fáìlì ṣe? Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò tilẹ̀ balẹ̀ lásán. Orí Bàbá Fáìlì ló fọ́ sí.

Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò bá mi jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ti kírun alásàrí tán, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà níwájú ilé wa, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pariwo lórí garawa.

"Ìyàwó Ẹ̀rọ, bí èèyàn kan ṣoṣo bá gbé garawa débẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ìṣẹ́jú méjì, Bàbá."

"Bí èèyàn méjìlá bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún." Mo dáhùn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ìṣirò.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. "O ò bá wọn tò níbẹ̀ rí. Ẹni tó ní òun ló kọ́kọ́ dé ńkọ́? Wọ́n á yọ garawa onígarawa tí ò tíì kún, wọ́n á gbé tirẹ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n yọ tirẹ̀ á bínú, á tún yọ ìyẹn. Omi á dànù, garawa ò ní í kún. Máa ṣírò ẹ lọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ṣírò ìjà mọ́ ọn."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ omi ló ń sọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni. Mo kó àwọn akọ̀wé jọ, mo ní kí gbogbo wọn máa tẹ orúkọ lórí fèrèsé méjèèjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, kí a fi dán an wò. Fèrèsé mẹ́rin, ó ń lọ geere. Méje, ó ṣì ń lọ, ó kàn ń mí. Nígbà tí ó di mẹ́sàn-án, iná pupa àká bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láìṣẹ́jú. Nígbà tí ó di méjìlá, ìdáhùn kan ṣoṣo gba àkókò tí èèyàn fi lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú ẹ̀rọ àárín kéré. Kò lè di ẹrù èèyàn méjìlá mú pọ̀. Bó bá fẹ́ dá fèrèsé kẹjọ lóhùn, á gbé ẹrù fèrèsé kejì sọ sí àká ná. Kó tó parí, fèrèsé kejì á tún pè, á tún lọ gbé e padà. Gbígbé àti sísọ ló ń ṣe, kò sí èyí tó parí. Garawa ò kún. Mo jókòó nínú òtútù yẹn, òógùn sì ń bọ̀ lábẹ́ súwẹ́tà mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá àgbà láti sọ òótọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo lọ. Mo tilẹ̀ ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, méje ni, kì í ṣe méjìlá." Ṣùgbọ́n kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó ti ṣí dúróò rẹ̀, ó sì to àpòòwé mẹ́fà sórí tábìlì bí ẹni tí ń to káàdì ayò.

"Wò ó, ọmọ mi, mo ti múra. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la máa ṣí fèrèsé méjèèjìlá. Mò ń lọ sí ìpàdé láàárọ̀, ṣùgbọ́n agogo méjì ni màá dé. Bí ẹ̀rọ bá ti dá gbogbo àwọn àgbẹ̀ lóhùn nígbà yẹn, màá pín ìwé yìí fún àwọn baba wọ̀nyí, kí wọ́n lọ sinmi."

"Bí kò bá wá dá wọn lóhùn ńkọ́, sà?"

Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọ tó béèrè bóyá oòrùn á yọ. Ó mú àpòòwé keje jáde. "Mi ò tíì kọ orúkọ kankan sí èyí," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, Bàbá Fáìlì á lọ sílé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, èmi ni, bàbá mi tó ti fi ẹ̀rọ mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì á sì gbọ́. Ní ọ̀sán, mo wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ní ìrọ̀lẹ́, mo wà ní ilé ẹni tí mo fẹ́ lé kúrò níbi iṣẹ́, tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí n má bàa kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀.

Ìbẹ̀rù máa ń la èèyàn lọ́pọlọ, àmọ́ kì í yan ọ̀nà tó dáa. Ohun tí mo rò ni pé mi ò lè dín fèrèsé kù, nítorí mo ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo lè dín àkókò tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò níwájú fèrèsé kù. Kí ni wọ́n sì ń fi àkókò ṣe níbẹ̀? Mo tún mú aago, mo gba gíláàsì ilẹ̀kùn wò wọ́n, ẹnu sì yà mí. Ìkíni ni! Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀nà, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ńkọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ. Nínú ìwé ìṣirò mi, mo kọ orí rẹ̀ pé ÀKÓKÒ ÒFÒ. Bí mo bá ti mú èyí kúrò, iṣẹ́ á yára, ìlà á kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kúnlẹ̀ kí èèyàn mẹ́wàá kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ṣe kọ ìwé, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú àwọn akọ̀wé: A KÒ GBỌDỌ̀ KÍ ÀLEJÒ. ORÚKỌ ÀTI ABÚLÉ NÌKAN.

Ìyá Ìbejì, tó jókòó ní fèrèsé kẹta, tó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyàwó Ẹ̀rọ, ṣé ọkọ rẹ ló kọ èyí?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Kí n rí ẹni tó bí mi lọ́mọ, kí n ní 'Orúkọ?' Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá la wà ni? Ó dáa. Bí wọ́n bá gbá mi létí, kọ ìyẹn náà sínú ìṣirò rẹ."

Ọjọ́ ọjà dé. Ọjà ọrọọrún ni, gbogbo ẹni tó bá sì ní nǹkan ṣe ní ìlú ló máa ń wá lọ́jọ́ yẹn. Òjò àkọ́rọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni tí kò bá rí irúgbìn àti ajílẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà á tún dúró di ọjà mìíràn, òjò ò sì ní í dúró dè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti kún iwájú ilé-iṣẹ́: àwọn tó ti Kọ́bapẹ́ wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn ìyá tó pọnmọ. A ṣí fèrèsé méjèèjìlá. Mo wọ inú òtútù mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé ojú lé gíláàsì.

Àwọn akọ̀wé ṣe bí mo ṣe wí. Orúkọ! Abúlé! Ọwọ́ méjìlá ń lu ẹ̀rọ pọ̀ láìsinmi, bí ìdáhùn kan ṣe ń yọ ni òmíràn ti ń wọlé. Láàárín wákàtí kan, iná pupa àká dá dúró gbagidi, kò ṣẹ́jú mọ́. Ojú ẹ̀rọ méjèèjìlá dúró sójú kan. Mo gbọ́ ohùn kan gba inú ilẹ̀kùn wọlé, ti àgbẹ̀ kan láti Kọ́bapẹ́ tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó ti akọmálù:

"Mo wọlé, ẹ ò kí mi! Ẹ béèrè orúkọ mi bí ẹni tó jalè! Mo dárúkọ, ẹ tún ń wò mí! Ṣé ẹ ń ya fọ́tò mi ni?"

"Ẹ̀rọ ló ń rò ó, bàbá," Ìyá Ìbejì dáhùn.

"Kí ló ń rò? Ṣé orúkọ mi le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi di ariwo. Oòrùn gun orí. Ọmọ ń ké. Ìlà àwọn èèyàn jáde kúrò lọ́gbà dé títì, kò sì sún. Mo wo aago: agogo mọ́kànlá ti kọjá. Mi ò lè pa ẹ̀rọ, nítorí ohun tí wọ́n ti tẹ̀ láti òwúrọ̀ á parẹ́. Mi ò lè jáde, nítorí òfin. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ẹ̀yìn ti àká, mo ń ro orúkọ tí yóò wà lórí àpòòwé keje.

Ìgbà tí mo tún dìde wo gíláàsì, Bàbá Fáìlì ti jáde láti yàrá tirẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà márùn-ún yòókù, tí wọ́n káwọ́ lé itan, tí wọ́n ń wo ìran. Ó rìn dé ibi ògiri, ó yọ ìwé mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò bùbá. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti fèrèsé dé fèrèsé.

"Ìyá Ìbejì, gbé ọwọ́ kúrò lórí nǹkan yẹn. Kí àlejò rẹ ná. Ìwọ náà, béèrè òjò lọ́wọ́ ẹ̀. Má tíì tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó wà níwájú rẹ yìí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí i kú ewu. Baba Kọ́bapẹ́, ẹ má bínú, ẹ wá jókòó, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ yín ta dáadáa lọ́dún tó kọjá?"

"Ta ló sọ fún yín?" ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. "Ó ta díẹ̀, a dúpẹ́."

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi kí n tó rí i: àká mí kanlẹ̀. Mo yíjú padà, iná pupa rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú, ọ̀kan, ó sinmi, ọ̀kan. Bí fèrèsé márùn-ún ṣe ń kí àlejò, méje ní ń béèrè. Bí méje ṣe ń gbàdúrà fún ọmọ tuntun, márùn-ún ní ń gba ìwé. Kò sí ìgbà kankan tí méjèèjìlá jọ gbé garawa débẹ̀. Ohun tí mo pè ní òfò ló jẹ́ ìsinmi tí ẹ̀rọ fi ń lágbára. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo tún ń bínú pé ó rẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n ti wí fún mi láti kékeré, mo sì rò pé nítorí àwo tánganran ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Agogo méjì ku díẹ̀ ni àgbẹ̀ tó kẹ́yìn gba ìwé tirẹ̀. Ọ̀gá àgbà dé ní agogo méjì géérégé. Ó rí ọgbà tó ti ṣófo, ó rí àwọn akọ̀wé tí ń mu omi, ó pàtẹ́wọ́. Kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agogo mọ́kànlá. Ó ní kí n jáde kúrò nínú yàrá, ó pe gbogbo èèyàn jọ, títí kan àwọn àgbà mẹ́fà, ó sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Fèrèsé méjìlá, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ìyá Ìbejì ń wò mí. Bàbá Fáìlì nìkan ló ń wo ilẹ̀, mo sì mọ̀ lónìí pé ńṣe ló fún mi láyè. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, odindi, pẹ̀lú gbogbo ìṣirò rẹ̀. Mo la ẹnu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Ó pín àpòòwé mẹ́fà. Bàbá Fáìlì fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó ní a dúpẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò gba ẹ̀yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo: méje, àpòòwé keje, ìwé ara ògiri. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́, iṣẹ́ yín ò ní í bọ́? Kí ló dé tí ẹ fi gbà á là?"

Inú bí i fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n. "Ta ló gba ẹ̀rọ là? Àwọn èèyàn wà nínú oòrùn. Òjò fẹ́ rọ̀. Kí n wá jókòó, kí n káwọ́, kí wọ́n padà sí Kọ́bapẹ́ lọ́wọ́ òfo, kí èmi bàa lè máa to fáìlì?" Lẹ́yìn náà, ó rọ ohùn. "Dìde. Orúnkún rẹ á bó. Ọ̀nà Òkè-Ìléwó ò tíì dí, bí o bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ níbẹ̀."

Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà láìfi ọ̀kan pe méjì. Ó fetí sí mi dáadáa, èyí ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ṣùgbọ́n méjìlá ló ṣiṣẹ́, àbí? Bó bá jẹ́ ìkíni ló mú un ṣiṣẹ́, a ó sọ ìkíni di òfin." Ó sọ ọ́ di òfin lóòótọ́. Kò pe ẹnikẹ́ni padà, kò sì lé mi. Ó ní ọdún mẹ́rin ṣì kù tí mo máa fi sìn wọ́n, kí n lọ jókòó ti ẹ̀rọ mi. Òótọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé ọjà, ẹni tó máa rà á á ti lọ sílé. Mo lo ọdún mẹ́rin náà pé. Kò sí ọjọ́ kan tí yàrá yẹn tún dà bí ibi ìyàwó lójú mi.

Bàbá Fáìlì ò sinmi bí ọ̀gá àgbà ṣe wí. Ó gba ilẹ̀ baba rẹ̀ kan lọ́nà Kọ́bapẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáko. Nígbà tí òjò ọdún kejì ń bọ̀, ó wá sí fèrèsé bíi gbogbo àgbẹ̀, ó tò. Ìyá Ìbejì ò lè tẹ̀ ẹ́; ó ránṣẹ́ pè mí, mo rú òfin yàrá mi, mo sì jókòó sípò rẹ̀. A kí ara wa títí, gẹ́gẹ́ bí òfin. Lẹ́yìn náà mo tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní láti ṣí ojúewé tuntun fún un. Ẹ̀rọ béèrè abúlé, mo kọ ọ́. Ó béèrè ohun tó ń gbìn, mo kọ ọ́. Ó béèrè iye ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọdún kan," ni Bàbá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó sì fún un ní ìpín àgbẹ̀ tuntun, àpò kan péré. Mo wá gbogbo ojú ẹ̀rọ náà bóyá mo lè rí àyè tí mo lè kọ ohun tó kù sí. Èmi ni mo to àwọn ìbéèrè yẹn fúnra mi. Kò sí àyè kankan níbẹ̀.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń wá bi mí pé èèyàn mélòó ni ẹ̀rọ àwọn lè gbé kó tó wó. Iwájú, àárín, ẹ̀yìn, ó ṣì jẹ́ ipele mẹ́ta náà, orúkọ wọn nìkan ló di tuntun. Mo máa ń bá wọn ṣírò rẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n bá ń kánjú. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn ìkíni yẹn. Wọ́n máa ń ní kí n tún un sọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín nígbà tí Baba Kọ́bapẹ́ bá béèrè bóyá orúkọ òun le. Ibi tí mo máa ń parí rẹ̀ sí fún wọn ni agogo méjì, nígbà tí ọgbà ṣófo, tí gbogbo àgbẹ̀ ti gba ìwé tiwọn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ kọjá ibẹ̀.